Ẹ wo tébù kẹ́ ẹ tó gba abstract gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn dókítà wa sọ l'Ádó-Èkìtì rèé, lórí bá a ṣe ń bá journal (ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde) yẹ pépà ìwádìí ẹlòmíì wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí ò ráyè wá.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó o. Tí olóòtú journal bá fi íméèlì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ bá òun yẹ pépà kan wò, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tó kọ ọ́, tí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Èkìtì ò tóbi, àwa dókítà ibẹ̀ mọ ara wa, tó bá jẹ́ ọ̀gá yín ni àbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ tètè sọ kí wọ́n wá ẹlòmíì. Tí ò bá sáyè náà, ẹ sọ, ẹ má gbà á kẹ́ ẹ wá jókòó lé e lórí.

Ó dáa. Ọ̀pọ̀ wa, abstract, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń ṣíwájú pépà, la máa ń kà, a ó ti gbà á gbọ́ tán ká tó débi iṣẹ́ gan-an. Èmi, tébù, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to nọ́ńbà sí nínú pépà, ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ká ní pépà kan wà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ìyálọ́jà l'Ọ́jà Ọba. Abstract ní èèyàn 412 ni, ẹ dé Tébù 2, ẹ ro ó pọ̀, ó jẹ́ 398. Àwọn 14 yòókù ńkọ́? Bóyá wọ́n kọ̀ ni o, bóyá ìwé wọn ló sọnù, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe wọn ìfúnpá: ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣé wọ́n jẹ́ kí ìyá yẹn jókòó sinmi, àbí ibi tó ti ń bá oníbàárà nájà lọ́wọ́ ni wọ́n ti we cuff, ìyẹn ọ̀já tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, mọ́ ọn lápá? Tí apá bá sì tóbi tí cuff kéré, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ọjà á wá di aláìsàn lórí ìwé. Tí wọ́n bá parí ẹ̀ pé iyọ̀ ló fà á, ẹ bi wọ́n: ṣebí ìgbà kan ṣoṣo lẹ rí àwọn èèyàn yìí, báwo lẹ ṣe mọ èyí tó ṣáájú?

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣirò yìí o. Lóṣù Karùn-ún 2020, The Lancet, journal ìṣègùn tó lórúkọ, gbé pépà kan jáde lórí oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxychloroquine àti Kòrónà, wọ́n ní aláìsàn 96,032 láti ilé ìwòsàn 671. Àwọn èèyàn wá rí i pé òkú 73 ni wọ́n kà fún Ọsirélíà títí di 21 oṣù Kẹrin, nígbà tó jẹ́ pé 67 péré ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní lákọsílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fà á padà. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mà ni!

Tẹ́ ẹ bá ń kọ èsì, ẹ fi gbólóhùn méjì mẹ́ta sọ ohun tí pépà náà ń wí, olóòtú á mọ̀ pé ẹ kà á. Èyí tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni kó ṣíwájú, kí kọ́mà àti sípẹ́lì dúró sẹ́yìn. "Ẹ gbà á" àbí "ẹ dá a padà", olóòtú nìkan lẹ ń sọ ìyẹn fún. Ẹ má bú wọn, ẹ má sì fipá mú wọn tọ́ka sí pépà tiyín, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ olójúkòkòrò.

Ẹnìkan bi mí bóyá òun lè ju pépà náà sí ChatGPT kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Rárá o! Pépà tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde, àṣírí oníṣẹ́ ni. Kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àbúrò kan ní ẹ̀ka yín bá yín kà á kó lè fi kọ́ṣẹ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú ná, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́.