Ọdún Wo Ni Wọ́n Ya Fíìmù Ojú Irin Yìí?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ti wo fíìmù náà tán báyìí. Kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ń fẹsẹ̀ tọ ojú irin bọ̀, ìyá kan ru igbá, ó fẹ́ sọdá, ọkọ̀ fọn fèrè, tíṣà wá ń kìlọ̀ fún wọn ní kíláàsì. Orí fíìmù náà ti já, ìdí rẹ̀ náà ti já. Kò sí orúkọ ẹni tó yà á, kò sì sí ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú agolo rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ẹnìkan fi yíǹkì kọ 1957 sí ìdérí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà? Mílíìkì ni wọ́n kọ sára ìyẹn náà.

Àbúrò kan tó bá mi tú u rí SAFETY ní etí fíìmù, ó pariwo pé òun ti rí àkọlé. Èmi náà kọ́kọ́ yọ̀, nítorí ààbò ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn túmọ̀ sí, ààbò náà sì ni fíìmù ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ara fíìmù ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Náítírétì ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù sinimá láyé àtijọ́, ó sì máa ń gbiná bí ẹ̀tù. Bó bá ti ràn, omi kì í pa á, torí afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kì í gbiná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ SAFETY sí létí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Kodak, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe fíìmù, ṣíwọ́ náítírétì. Ká ní fíìmù ńlá tó fẹ̀ tó 35 mm ni tiwa, ìyẹn ì bá ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n 16 mm ni. Láti 1923 tí Kodak ti gbé irú èyí jáde, kò fi náítírétì ṣe é rí.

Etí yẹn kan náà ló ṣe wá lóore lẹ́yìn náà. Kodak máa ń tẹ àwọn àmì kéékèèké síbẹ̀ láti fi ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù hàn, òbìrí, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tò ó. Bó bá pé 20 ọdún, wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ọjọ́ ọjà. Oríṣi àmì méjì ni dígí tó ń mú nǹkan tóbi lójú fi hàn mí. Èyí tó funfun nínú dúdú ti ara nẹ́gátíìfù wá, ìyẹn fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà rẹ̀, ó sì bọ́ sí 1946 tàbí 1966. Èyí tó dúdú jẹ́ ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa yìí gan-an, ó bọ́ sí 1947 tàbí 1967. Ẹ wo bí 20 ọdún ṣe dá sí àárín wa.

Ara wágọ̀n ló parí ìjà yẹn. Nígbà tí ìyá eléigbá ń sọdá, lẹ́tà mẹ́rin kọjá lẹ́yìn rẹ̀: O.C.D.N. Ilé iṣẹ́ ojú irin Dahomey àti Niger nìyẹn, 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fíìmù kò lè dàgbà ju ohun tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú rẹ̀, nítorí náà 1946 ti lọ. 

Ní 30 Oṣù Kọkànlá 1975 ni Kérékou, ààrẹ wa nígbà náà, yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà láti Dahomey sí Bénin, D sì di B. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ara wágọ̀n kì í ṣí lọ́jọ́ kan, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá lọ wo àsíá tó wà níwájú iléèwé. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni, a kò rí àwọ̀, àmọ́ a rí ìlà: ọ̀kan dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, méjì dùbúlẹ̀. Àsíá 1959 nìyẹn. Láti 1975 di 1990, àsíá wa ní ìràwọ̀ kan lórí aṣọ títẹ́jú, kò ní ìlà rárá.

Kò ṣáájú 1966, kò kọjá 1975. Ti oṣù rọrùn: koríko ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ọyẹ́ sì bo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ débi pé ìdí rẹ̀ nìkan la rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ti ọdún ni mi ò lè fún mọ́ra ju báyìí lọ láìdá ọ̀rọ̀ sọ. Mo mọ̀ pé fíìmù ọdún 1966 lè sùn nínú àpótí ọdún méjì mẹ́ta kí wọ́n tó lò ó, torí náà 1967 sí 1969 ni ọkàn mi ń lọ sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sọ lálẹ́ ọjọ́ tí a wo fíìmù náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo bá a dé tí ìyá kan fi nawọ́. Ó ní aṣọ tí obìnrin inú fíìmù ró yẹn, òun ní in, ìkómọ ọmọ òun kejì lòun rà á fún, ní 1968. Mo ní, "Ẹ̀rí dáadáa ni, ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n lè tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún léra." Ìyá ò dá mi lóhùn, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé.

Nígbà tí aṣọ dé, a dá fíìmù dúró, a ta á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹyẹ kan náà ni, ìyẹ́ kan náà. Àmọ́ ti ìyá kọjú sọ́tùn-ún, ti fíìmù kọjú sósì. Mo ti ń mira pé mo ti borí. Ìyá wo ògiri, ó wo aṣọ, ó ní, "Ó ró tiẹ̀ sódì ni."

Àǹkárá kì í ní ẹ̀yìn tó yàtọ̀ sí iwájú, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ra agolo tuntun, mo kọ 1967–1969 sára rẹ̀, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.