Ta Ló Fẹ́ Ra Afárá Brooklyn?

Ẹ káàbọ̀ o. Ká ní ẹ jókòó láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ wá ní ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣèlérí pé òun máa sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn á fi rẹ́rìn-ín, á ní: "Tó o bá gba ìyẹn gbọ́, mo ní afárá kan tí mo fẹ́ tà fún ẹ."

Afárá Brooklyn ní New York ni wọ́n ń bá wí. Ìtàn gidi ló sì bí ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún 1883 ni wọ́n ṣí afárá yẹn. Àwọn èèyàn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọkàn tán an. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ariwo fi sọ pé ó fẹ́ wó. Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn 12 sì kú. Lọ́dún kejì, P. T. Barnum, tó ń fi ẹranko ṣeré, da erin 21 gba orí ẹ̀ kọjá kí ọkàn àwọn ará ìlú lè balẹ̀. Ó polówó eré tiẹ̀ náà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tanra wa.

Ìgbà yẹn náà ni gbájúẹ̀ kan tó ń jẹ́ George C. Parker rí ọjà tiẹ̀. Àwọn àjèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ló ń dájú sọ. Á yọ ìwé ayédèrú síta, á ní òun lòun ni afárá, ẹni tó bá rà á lè máa gba owó oníbodè lórí ẹ̀ títí ayé. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá ló ń lọ lé àwọn tó rà á, tí wọ́n bá dínà láti gbowó. Lọ́dún 1928, ilé ẹjọ́ rán Parker lọ sẹ́wọ̀n gbére ní Sing Sing, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ẹni tó ra afárá ni gbogbo ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò sì rò pé ó tọ́. Wọ́n ń gbowó lórí afárá yẹn lóòótọ́! Sẹ́ǹtì kan ni ẹlẹ́sẹ̀ ń san nígbà tí wọ́n ṣí i. Ọdún 1891 ni wọ́n tó yọ̀ǹda fún ẹlẹ́sẹ̀, ti ọkọ̀ sì di 1911. Àlejò tó fojú ara ẹ̀ rí i pé owó ń wọlé, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé irọ́ ni?

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "gullible": ẹlòmíì ló tàn án. "Naive" yàtọ̀. Ó lè má sí ẹni tó tan onítọ̀hún rárá, òun ló rò pé ayé rọrùn, pé bí ìjọba bá ti ṣòfin lónìí, gbogbo ìlú á pa á mọ́ lọ́la. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí ojú ẹ̀ kò tíì là, wọ́n á ní ẹ̀yìn etí ẹ̀ kò tíì gbẹ, bíi ti ẹranko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó ń rí dáadáa nínú ohun gbogbo, wọ́n á ní gíláàsì aláwọ̀ òdòdó ló wà lójú ẹ̀.

Àwọn ará Britain kì í sábà là á mọ́ ẹni lójú bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, bí ọ̀gá yín bá wo ètò tẹ́ ẹ kọ, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní ó "optimistic" díẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń retí ohun tó dáa jù, ẹ má dúpẹ́ o. Ẹ lọ tún owó inú ẹ̀ ṣírò.