Ìkànnì Yín Wà Lórí Ayélujára, Ṣùgbọ́n Ṣé Google Mọ̀ Ọ́n?

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ̀yin aránṣọ àti alásè tí ẹ wá láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ tú wò lónìí: ẹni tó dúró ní Challenge ní Ìlọrin, tó tẹ "aso oke ilorin" sórí fóònù rẹ̀, kí ló dé tí ìkànnì ẹlòmíràn fi yọ sí i tí tiyín kò yọ?

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni wá tún un ṣe. Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ site: kí ẹ sì kọ orúkọ ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀, báyìí: site:orukoyin.com.ng. Bí àwọn ojú ewé yín bá tò wálẹ̀, Google ti mọ̀ yín, ipò ló kù tí a ó máa sọ. Bí kò bá sí nǹkan kan ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò sí nínú ìwé rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé òun wà lẹ́yìn ni kò tilẹ̀ tíì wọ ìlà. Àìsàn méjèèjì yìí kì í gba oògùn kan náà.

Google ní róbọ́ọ̀tì tó ń ti orí líǹkì kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń ka ojú ewé, tó sì ń kó ohun tó kà sínú atọ́ka ńlá kan. Nígbà tí oníbàárà bá ń wá nǹkan, inú atọ́ka yìí ni Google ń wò. Kì í ṣe ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri ayélujára. Ìdí nìyí tí WhatsApp status yín, bó ti wù kó dùn tó, kò fi lè yọ níbẹ̀: róbọ́ọ̀tì kò ráyè wọlé kà á.

Kí ló ń lé róbọ́ọ̀tì sẹ́yìn? Lórí ìkànnì tí wọ́n fi WordPress kọ́, ẹ kọ́kọ́ wo Settings, kí ẹ ṣí Reading. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí pé kí wọ́n má kó ìkànnì náà sínú atọ́ka wọn. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì a máa fi àmì sí i nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Tó bá gbowó tán, ó gbàgbé, kò yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ orúkọ ìkànnì yín, kí ẹ fi /robots.txt parí rẹ̀: fáìlì tó ń sọ ibi tí róbọ́ọ̀tì lè wọ̀ ni. Bí ẹ bá rí "User-agent: *" tí "Disallow: /" sì tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn ti tì pa nìyẹn. Ìlà kékeré kan ṣoṣo lẹ́yìn Disallow ló ṣe é.

Ibi tí ẹ ti máa mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń sọ fún onílé ìkànnì bí òun ṣe rí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì náà, yálà nípa fífi ọ̀rọ̀ kan tí Google bá fún yín sínú DNS (àkọsílẹ̀ tó ń so orúkọ ìkànnì mọ́ ibi tí ìkànnì wà) níbi tí ẹ ti ra orúkọ ìkànnì, tàbí nípa gbígbé fáìlì kékeré kan sórí ìkànnì. (Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni tó kọ́ ọ fún yín ló wà lórí orúkọ ìkànnì náà, tí ọ̀rọ̀ ìwọlé sì wà lọ́wọ́ òun nìkan, ẹ lọ gbà á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.) Ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú ewé kan sínú URL Inspection, yóò sọ bóyá ó wà nínú atọ́ka, bí kò bá sí, yóò sọ ìdí. Ẹ tẹ Request Indexing lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Títẹ̀ ẹ́ léraléra kò mú un yá. Ẹ fi sitemap, ìyẹn àkójọ àdírẹ́sì gbogbo ojú ewé yín, sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Láti ọdún 2020 ni WordPress ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, ní /wp-sitemap.xml. Fáìlì kan lè gba àdírẹ́sì 50,000, ṣọ́ọ̀bù tó ní ojú ewé 12 kò lè kún un láéláé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó wà lórí ojú ewé fúnra rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo àkọlé ojú ewé yín, èyí tó máa ń hàn ní àwọ̀ búlúù lórí Google. Tó bá jẹ́ "Home" tàbí "Welcome" ló wà níbẹ̀, ta ló ń wá "Home"? Ẹ kọ ọjà, ẹ kọ ìlú: "Aṣọ òkè ìgbéyàwó ní Ìlọrin: àwọ̀ àti iye owó". Ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan bí lẹ́tà 60 lọ, torí Google a máa gé èyí tó bá gùn. Kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń tẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ń lò. Kò sí ẹni tó ń wá àmì ohùn lórí fóònù nígbà tó ń kánjú: "aso oke" ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn kan "asooke", àwọn mìíràn "aso ofi". Torí náà, ẹ kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tí kò lámì náà hàn níbì kan nínú àlàyé. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ẹni tó bá tò ó ní ogún ìgbà ń sọ àsọtúnsọ lásán ni. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọ̀rọ̀ sí Google, ẹ ka àwọn àbá tó ń jáde nísàlẹ̀. Àwọn oníbàárà ló ń tẹ irú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ sanwó fún "meta keywords" (àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú kóòdù ojú ewé), ẹ fi owó yín sápò. Google ti kéde láti 2009 pé òun kì í lò ó láti fi to èsì.

Ẹ má kó gbogbo ọjà sójú ewé kan. Ẹ fún sányán ní tirẹ̀, kí àlàárì ní tirẹ̀, kí ẹtù ní tirẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye owó, ọjọ́ tí híhun rẹ̀ ń gbà, àti àwọn ìlú tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí wọ́n kọ gbogbo àlàyé yìí sínú àwòrán ìpolówó. Kí ẹ kọ iye owó ní ọ̀rọ̀ gidi lórí ojú ewé ló dára jù. Àwòrán fúnra rẹ̀, bí ó bá wá tààrà láti orí fóònù, lè tó megabyte 4. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí pixel 1,200, kí ó má ju kilobyte 200 lọ. Ẹ yí IMG_2047 padà sí aso-oke-alaari-ilorin, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe rẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní alt text. Ojú ewé bí ó ṣe rí lórí fóònù ni Google ń kà, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà ohun tí ẹ bá yọ kúrò lórí ti fóònù, ẹ ti yọ ọ́ lójú Google náà.

Máàpù ńkọ́? Google Business Profile ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín lórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ohun mẹ́ta ni Google ń wò níbẹ̀: bí ọjà yín ṣe bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà tó, àti bí a ṣe mọ̀ yín tó. Ẹnikẹ́ni ò lè ra ìsúnmọ́. Aránṣọ tó wà ní Ọ̀fà kò lè retí kí máàpù máa gbé òun síwájú ẹni tó wà ní Post Office Ìlọrin. Ojú ewé ìkànnì rẹ̀ ló máa bá a ṣe ìyẹn. Àdírẹ́sì wa sábà máa ń jẹ́ "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé", torí náà ẹ fi ọwọ́ gbé àmì máàpù sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù gan-an. Google lè béèrè fídíò láti mọ̀ pé òótọ́ ni: ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan náà láìgé e, kí òpópónà, pátákó àti irinṣẹ́ yín hàn, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Ẹ má fi "tó dára jù ní Ìlọrin" kún orúkọ iṣẹ́ yín, Google lè torí ìyẹn ti àkọsílẹ̀ yín pa. Ẹ ṣètò wákàtí ọjọ́ ọdún lọ́tọ̀: ìlú tí ẹṣin ti jẹ́ eégún ilé, ta ni yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Durbar?

Ti líǹkì tó ń gbé ènìyàn àti róbọ́ọ̀tì láti ìkànnì mìíràn wá sí tiyín, díẹ̀ ni mo ní í sọ. Ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò, ẹgbẹ́ yín, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ rán aṣọ fún, kí wọ́n fi líǹkì yín sórí ìkànnì wọn. Líǹkì rírà lòdì sí òfin Google. Ẹni tó bá sì ṣèlérí ipò kìíní fún yín, Google fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe ìdánilójú ìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ padà sí Search Console, ẹ ṣí Performance. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16. Bí ìgbà tí wọ́n rí yín bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí títẹ̀ kò pọ̀, àkọlé ni kí ẹ tún kọ. Ojú ewé tó wà ní ipò 8 sí 20 ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe èyí tó wà ní 70.