Ẹni Tó Ń Lo Ẹ̀rọ Ni Olùtọ́jú Rẹ̀ Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àti ẹ̀yin alábòójútó tí ẹ pésẹ̀ síbí, mo kí yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ló gbà pé iṣẹ́ òun kò ju kí òun tẹ súìṣì lọ, àti pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ti mẹkáníìkì nìyẹn. N kò fara mọ́ èrò yìí rárá, nítorí pé ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ kan fún wákàtí 8 lójúmọ́ ti mọ bó ṣe ń dún, bó ṣe ń gbọ̀n àti bó ṣe ń gbóná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ Nippondenso, tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ní Japan, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ pọ̀ débi pé apá àwọn mẹkáníìkì kò ká a mọ́, wọ́n gbé ìtọ́jú ojoojúmọ́ lé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lọ́wọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn lórí ìtọ́jú ẹ̀rọ ní ọdún 1971.

Nínu ẹ̀rọ mọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà. Ọwọ́ tó ń fi àkísà nu ẹ̀rọ ló ń bá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò pàdé, òun ló ń kan nọ́ọ̀tì tó ti ń tú àti bẹ́líìtì tó ti ń sán. Nọ́ọ̀tì kan tó tú díẹ̀ ń mú kí ẹ̀rọ gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà ń tú àwọn yòókù, ó sì ń jẹ bíárìn, ìyẹn irin róbótó tó ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ ró bó ti ń yí, díẹ̀díẹ̀.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí gírísì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláápọn ti ń ṣìṣe. Gírísì tó pọ̀ jù lè ba bíárìn jẹ́ bí èyí tó kéré jù: bí inú rẹ̀ bá kún dẹ́múdẹ́mú, ńṣe ni yóò máa po gírísì náà bó ti ń yí, yóò sì máa gbóná. Ẹni tí kò nu ẹnu ihò gírísì kó tó fà á sí i, iyanrìn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tì wọlé.

Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ inú ẹ̀rọ, kó yọ ọ́ kúrò lára iná, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, kó sì gbìyànjú láti tan án kó lè dá a lójú pé kò ní ṣiṣẹ́. Àpótí iná àti àpótí jíà kì í ṣe ohun tí yóò tú. Mẹkáníìkì ni kó ké sí.

Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí dé ọjọ́ Ẹtì nígbà tí ọjọ́ Ajé kò tíì parí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò dá òṣìṣẹ́ náà nìkan lẹ́bi, nítorí pé kò sẹ́ni tó fún un ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo láti yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ ya àkókò yìí sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sì dá ẹ̀rọ dúró nítorí ohùn àjèjì kan, tí a wò ó tí a kò rí nǹkan kan, ẹ má ṣe bá a wí, torí pé lọ́jọ́ tí ohùn náà bá jẹ́ òótọ́, òṣìṣẹ́ náà yóò dákẹ́.