Wúfà Ń Kọrin Nídìí Wọ́dúrọ̀bù

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti níbi gbogbo. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹ rántí Quad ESL-57, sípíkà tí mo rà lálòkù? Mo ti so wúfà, sípíkà béèsì, mọ́ ọn, mo gbé e sídìí wọ́dúrọ̀bù. Mo gbé Ebenezer Obey sí i: gángan wà láàrin, ohùn Bàbá ń jáde nídìí wọ́dúrọ̀bù!

ṢỌLÁ: Hàhà! Níbo lo gbé crossover rẹ̀ sí, ìyẹn òkè ibi tí wúfà ń kọrin dé?

KẸ́HÌNDÉ: 120 hertz, ìyẹn kí ohùn gbọ̀n nígbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

ṢỌLÁ: Ó parí. Ohùn ọkùnrin ń lọ sílẹ̀ dé 100 hertz dáadáa. O ti gbé àyà Bàbá fún wúfà, orí nìkan ló kù lọ́wọ́ Quad.

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ jọ̀ọ́! Quad ni kò ní béèsì. Àmọ́ ká sòótọ́, bí gángan bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ ìgbà tí onílù ń fún ọsán ìlù.

ṢỌLÁ: Ọ̀rá tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà lọ, ìyẹn ló fi yá. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń fà á lẹ́yìn. Tí béèsì bá ti lọ sílẹ̀, tiwájú àti tẹ̀yìn á yí ká, wọ́n á pa ara wọn. Láti 1957 tí Peter Walker, ẹni tó dá Quad sílẹ̀, ti gbé e jáde ló ti rí bẹ́ẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Kí n wá ṣe ńkọ́?

ṢỌLÁ: Yí i wálẹ̀ sí 60. Tó bá ní 12 àti 24 decibel, ìyẹn bó ṣe ń yára gé ohùn tó, mú 24, kó lè tètè gé ohùn òkè. Wá gbé ohùn 60 hertz kan ṣoṣo sí i, jókòó síbi tí o máa ń jókòó, kí ẹnì kan máa yí phase, ìyẹn bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí wúfà àti Quad jọ máa ti afẹ́fẹ́ pọ̀, láàrin 0 àti 180. Èyí tó bá dún jù ni kí o fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, dín wúfà kù títí o ò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àfi tí o bá pa á.

KẸ́HÌNDÉ: Wúfà tèmi níhò níwájú.

ṢỌLÁ: Fi ìbọ̀sẹ̀ dí i. Mi ò ṣeré o! Ihò yẹn ló ń jẹ́ kí béèsì máa fà lẹ́yìn gìtá. Kó o sì gbé e kúrò ní kọ́nà.

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ dúró... mo ti yí i. Ẹ gbọ́. Yé! Bàbá ti padà sáàrin!

ṢỌLÁ: Kí ló ń dún gbì-gbì yẹn?

KẸ́HÌNDÉ: Aládùúgbò ni. Ó ń lu ògiri.