Lẹ́tà 25, ojúlé 25: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di nọ́ḿbà

Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ ya àpótí kan, kí ẹ pín in sí ojú márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Ẹ kọ 1 sí 5 sókè, ẹ kọ 1 sí 5 sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ wá to álífábẹ́ẹ̀tì wa sínú rẹ̀:

A B D E Ẹ
F G GB H I
J K L M N
O Ọ P R S
Ṣ T U W Y

Ẹ kà á. Lẹ́tà 25, ojú 25! Kò lé, kò dín! Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá dé ibí yìí. Polybius, òpìtàn ará Gíríìsì tó ṣàlàyé ọgbọ́n yìí ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, lẹ́tà 24 ni tiwọn, ojú kan sì ṣófo. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é ní 26, wọ́n sábà máa ń fún I àti J mọ́ ojú kan náà. Tiwa bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n síni lára.

Ó yá. Ẹ mú ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan bí òpópónà, kí lẹ́tà jẹ́ onílé. Ta ló ń gbé ní òpópónà kẹta, ojúlé kẹrin? M ni. M ti di 34 nìyẹn.

Ẹ dúró o, ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà. ÒPÓPÓNÀ LÓ Ń ṢÁÁJÚ, OJÚLÉ LÓ Ń TẸ̀LÉ E. Lọ́jọ́ kan mo kọ “òde” ránṣẹ́ sí àbúrò mi, pé kó wá bá mi níta: 41 13 14. Ó fi ojúlé ṣáájú. O di E, D di J, E di O. Ejò! Ìgbà tí mo wọlé, mo bá a tó ń fi igi wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “adé” ṣe máa di “àjò”, tí “olè” á di “èló”. Ẹ dán an wò. Òpópónà kọ́kọ́!

“Àgbàdo” ńkọ́? Lẹ́tà mélòó ni? Ẹni tó bá ní mẹ́fà, kó tún un kà. Márùn-ún ni: A, GB, A, D, O. 11 23 11 13 41. GB, LẸ́TÀ KAN NI! Ẹ má kọ 22 12. Ẹ ti ya onílé kan sí méjì nìyẹn, ẹ sì fi ojúlé rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Àpótí yìí kò mọ àmì ohùn. 42 32 42 lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Kí ni nọ́ḿbà wá wúlò fún? Nọ́ḿbà kò nílò ẹnu! Iná ògùṣọ̀ ni Polybius fi ń kà á, àwọn kan lápá òsì, àwọn kan lápá ọ̀tún. Ní 1965, Carlyle Harris, ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní Vietnam, kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa kan ògiri: iye òpópónà, ìdákẹ́ díẹ̀, iye ojúlé. Wọ́n yọ K kúrò, C ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa náà ti ń fi nọ́ḿbà sọ̀rọ̀ nínú àrokò: ẹni tó bá gba owó ẹyọ mẹ́fà mọ̀ pé ẹfà ni, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Ìró ni tiwọn ń bá lọ, ipò ni àpótí yìí ń bá lọ. Mi ò lè sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àṣírí gidi pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà A kò ní yéé jẹ́ 11, ẹni tó bá sì ka iye ìgbà tí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan jáde yóò já a. Al-Kindi, ọ̀mọ̀wé ará Lárúbáwá, ti kọ irú ọgbọ́n kíka iye lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ da ìtò lẹ́tà rú. Ẹ kọ “Ìbàdàn” ṣáájú láìtún lẹ́tà kankan kọ, I B A D N, kí àwọn tó kù tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe wà. Kò dí ihò náà pátápátá, àmọ́ aládùúgbò tó kàn ń yọjú kò ní rí nǹkan kan mú. “Àgbàdo” ti di 13 25 13 14 41. Ẹ wo 25 yẹn dáadáa: GB ṣì jẹ́ lẹ́tà kan.