Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ Yìí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni lónìí, mi ò gbàlejò. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 9. Ó ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa, kò sì tíì máa sọ̀rọ̀. Tí ìlù bá ti dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á figbe ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún èèyàn ní ìjókòó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n jọ̀ọ́ gbé e jáde, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ìwàásù. Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, èmi náà ò bá a jà. Mo gbé ọmọ mi, ó di inú mọ́tò. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbọ́ ìsìn lórí fóònù níbẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ìyá ọkọ nínú yàrá kejì, kò sí àbúrò téèyàn lè pè pé wá bá mi mú un kí n sáré wẹ̀. Ìjọ ni ẹbí wa. Tí ìjọ bá wá ní ká jáde ńkọ́?

Kì í ṣe pé wọn ò gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró sí i lórí, mo sì ṣe àmín tọkàntọkàn. Àmọ́ lẹ́yìn àmín, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn kan tilẹ̀ bi mí pé kí ni mo ṣe nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, afọ́jú náà ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ìyá kankan ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan wá kan wíńdò mọ́tò mi. Mo ti tẹrí ba, mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni ọmọ yìí fẹ́ràn?”

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, “Ìdérí ìgò ni, mà. Ó máa ń ta á bí òkòtó.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá gbé ọ̀rá kékeré kan dé: ìdérí pupa, aláwọ̀ ewé, funfun, gbogbo rẹ̀ ni ó ti fọ̀ mọ́. Ó wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ta ọ̀kan lórí ìwé orin rẹ̀. Ọmọ mi wò ó títí ó fi dúró, ó sì tì í padà sọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ní kí n máa wọlé lọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù ọjọ́ náà, ẹkún ni mo fi parí rẹ̀.

Ẹ wo Máàkù orí 2, àwọn mẹ́rin tó gbé alárùn ẹ̀gbà, tí wọ́n dá òrùlé onílé lu. Bíbélì ní Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Mẹ́rin ni wọ́n, nítorí ibùsùn ní igun mẹ́rin. Nígbà tí màmá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú mọ́tò ni mo tún padà sí. Èèyàn kan ṣoṣo, bó ti wù kó dáa tó, kì í ṣe ìjọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ló ní ìpèníjà ara tó lágbára, bílíọ̀nù 1.3 èèyàn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lojú ń rí, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ wo àyíká yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ béèrè ibi tí àwọn ìdílé wọ̀nyí jókòó sí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá kò fi dandan lé ilé ìjọsìn pé kí wọ́n ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ arọ. Ọwọ́ wa ló kù sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sọ fún mi nípa Ibn Umm Maktum, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé Ànábì Mùhámádù. Afọ́jú ni, síbẹ̀ òun pẹ̀lú Bilal ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Medina. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un! Ohùn rẹ̀ ló ń sọ fún ìlú pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo lọ bá pásítọ̀, mo ní èèyàn mẹ́rin ni mo fẹ́, tí wọn yóò máa gba jíjókòó ti ọmọ mi lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì fẹ́ iṣẹ́ fún òun náà. Ní báyìí, òun ló ń to àga kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbotí tó ń dín ariwo kù lórí rẹ̀. Tí àga kan bá yẹ̀ díẹ̀, á padà lọ tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kan ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò jókòó tì í rí. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá ìdérí màmá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, mà. Èwo ni ó máa ń kọ́kọ́ mú?”